Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí: ṣé nǹkan máa ń fa nǹkan lóòótọ́, àbí ọkàn wa ló ń so wọ́n pọ̀?

Olùbéèrè_Àkúrẹ́ kọ:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Òwe kan ló ń dà mí láàmú, mo sì fẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Bí wọ́n bá ti pa òwe yìí níbi ìpàdé ẹbí, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tí í béèrè pé báwo la ṣe mọ̀. Igbe wà, ikú wà, àárín méjèèjì kò sì ju òru kan lọ.

Mo ń ka èrò David Hume lọ́wọ́, onífìlọ́sọ́fì ọmọ Scotland tí wọ́n bí ní Edinburgh ní 1711. Ó ní ká wo bọ́ọ̀lù bilíádì méjì lórí tábìlì. Àkọ́kọ́ yí lọ, ó kan èkejì, èkejì gbéra. Ó ní bó ti wù ká tẹjú mọ́ ọn tó, a ò ní rí ohun kan tó ń jẹ́ agbára kó jáde lára àkọ́kọ́ kó wọ inú èkejì. Èyí ṣáájú, ìyẹn tẹ̀ lé e, wọ́n fara kanra: ohun tí ojú rí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí a bá rí i bẹ́ẹ̀ léraléra, ọkàn wa á bẹ̀rẹ̀ sí í retí èkejì bí àkọ́kọ́ bá ti dé. Ìretí yẹn, tó ti di bárakú sí wa lára, la wá ń pè ní okùnfà.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló ya ẹni tó ní iná ló mú omi hó sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ní àjẹ́ àná ló pa ọmọ? Àwọn méjèèjì ṣáà rí ohun kan tó ṣáájú òmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré lójú mi. Ní àdúgbò tí mo dàgbà sí, irú ẹ̀rí báyìí ni wọ́n fi lé ìyá arúgbó kan kúrò nílé ọkọ rẹ̀. Ó bá obìnrin kan jà nídìí omi ẹ̀rọ, ọmọ obìnrin náà dùbúlẹ̀ àìsàn lọ́jọ́ kejì, wọ́n bá kó ẹrù màmá síta.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé okùnfà wà nínú ayé fúnra rẹ̀, àbí orí wa ló ti ń wá? Tó bá wà nínú ayé, báwo la ṣe ń yà á sọ́tọ̀ kúrò lára kòńgẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "Ọlọ́run nìkan ló yé" dá mi lóhùn.

Olùkọ́_Ifẹ̀ fèsì:

Àbúrò, o kú làákàyè. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba Hume sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ka ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sọ pé okùnfà kò sí. Ohun tó sọ ni pé ojú kò rí ìdè tó so okùnfà mọ́ àbájáde rẹ̀. Nínú ìwé tó kọ nígbà tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1739, òun náà ló to òfin mẹ́jọ kalẹ̀ tí a ó fi máa dá okùnfà mọ̀. Okùnfà gbọ́dọ̀ ṣáájú, kó súnmọ́ àbájáde rẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì máa rìn pọ̀ nígbà gbogbo. Okùnfà kan náà, àbájáde kan náà. Bí àbájáde bá yàtọ̀ lónìí sí ti àná, nǹkan kan ti yí padà níbì kan, iṣẹ́ wa ni láti wá a kàn. Ìjà ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú àìsàn ẹ̀ẹ̀kan kò lè gba iwájú òfin wọ̀nyẹn kọjá.

Ẹ̀wẹ̀, ohun tí Hume ń pè ní okùnfà ti há gan-an sí ohun tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí. Aristotle, onífìlọ́sọ́fì ilẹ̀ Gíríìsì tó kú ní 322 ṣáájú ìbí Jésù, ní ọ̀nà mẹ́rin la lè gbà dáhùn bí ẹnìkan bá béèrè pé nítorí kí ni nǹkan ṣe rí bó ṣe rí. Ère ló fi ṣàpẹẹrẹ. Èmi máa ń fi ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ṣe é, iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, èyí tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924 tó sì ń bẹ ní British Museum títí dòní. Ẹ súnmọ́ ọn: Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, jókòó sórí ìtẹ́ ní apá kan, òyìnbó ajẹ́lẹ̀ tí àwọn alárùú gbé ń bọ̀ wà ní apá kejì. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ àwọn èèyàn náà yọ síta débi pé orí àwọn mìíràn fẹ́ẹ̀ já kúrò lára pátákó, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ wọlé wá bá ẹ.

Kí ló dé tí ilẹ̀kùn yẹn fi rí bẹ́ẹ̀? Ẹnìkan á ní igi ni, nítorí igi tó gba kí wọ́n gbẹ́ ẹ jinlẹ̀ báyẹn láìsán ni wọ́n lò. Ẹlòmíràn á ní bátànì rẹ̀ ni, ìyẹn bí wọ́n ṣe to àwọn ère náà lẹ́sẹẹsẹ. Ẹnìkẹta á ní ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀ ni. Ẹnìkẹrin á ní torí kí ààfin lè níyì lójú àlejò ni. Òótọ́ ni gbogbo wọn sọ, kò sì sí èyí tó lé èkejì jáde. Láti ayé Hume làwọn èèyàn ti mú ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀ nìkan, tí wọ́n pè é ní okùnfà, tí wọ́n pa mẹ́ta yòókù tì. Mo rò pé ìdajì ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ níbi ìpàdé ẹbí ló ń ti ibẹ̀ wá: ẹnìkan dáhùn ìbéèrè igi, ẹnìkejì dáhùn ìbéèrè ète, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì rò pé òun ti já èkejì nírọ́.

Bàbá_Mẹkáníìkì_Mushin fèsì:

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Èmi ò ka Hume, ṣùgbọ́n wíwá okùnfà ni mo fi ń jẹun láti ìgbà ọmọdé mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é. Oníbàárà gbé jẹnẹrétọ̀ wá, ó ní kò jí mọ́. Ó ní iná NEPA tó wá lójijì lálẹ́ àná ló bà á jẹ́, torí pé láti ìgbà náà ni kò ti ṣiṣẹ́. Mi ò ní bá a jiyàn. Mo máa tú plọ́ọ̀gì, mo máa fi wáyà rẹ̀ sí i lórí, mo máa fi irin rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì, mo máa ní kí ọmọṣẹ́ mi fa okùn. Bí iná bá ta láàárín imú plọ́ọ̀gì náà, mo mọ̀ pé kì í ṣe ibẹ̀. Mo bọ́ sí ọ̀nà epo nìyẹn. Mo máa tú nọ́ọ̀tù ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀, mo máa gbọn epo inú rẹ̀ sínú ìdérí agolo. Omi á hàn lábẹ́ epo, á ṣù jọ bí ẹyin ẹja. Mo da epo náà nù, mo fọ̀ ọ́, mo rọ epo tó mọ́ sí i. Bó bá jí, èmi ò tíì gbà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní kí n dá èyí tó bàjẹ́ padà kí n tún fa á. Bó bá tún kọ̀, ọwọ́ ti tẹ ohun tó ń ṣe é.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí: Hume yẹn, ṣé ó ń wòran ni, àbí ó fọwọ́ kan nǹkan? Torí ẹni tó bá dúró lókèèrè tó ń wo bọ́ọ̀lù kò lè mọ èyí tó ń ṣe èwo. Ẹni tó ń yọ ọ́ tó ń dá a padà ló máa mọ̀. Ìyá tí wọ́n lé jáde yẹn, kí ni wọ́n yọ, kí ni wọ́n dá padà?

Alfa_Ìlọrin fèsì:

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Mo fẹ́ kí á dá iyì padà fún ẹni tó ni ín. Ohun tí ẹ ń gbé fún Hume yìí, Imam al-Ghazali ti sọ ọ́ ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún ṣáájú rẹ̀. Ìlú Tus ní ilẹ̀ Ìráànì ni wọ́n ti bí i ní 1058, ó kọ́ni ní Baghdad, ó sì kú ní 1111. Òwú àti iná ló fi ṣàpẹẹrẹ. Ó ní a rí i pé òwú kan iná, a rí i pé òwú jó. Ojú wa jẹ́rìí pé òwú jó nígbà tó kan iná. Ojú wa kò jẹ́rìí pé iná ló jó o. Iná jẹ́ ohun tí kò ní ìmọ̀ tàbí ìfẹ́ inú. Ọlọ́run ló ń dá jíjó sílẹ̀ lára òwú, Òun náà ló sì sọ iná di tútù fún Ànábì Ibrahim.

Imam mọ ohun tí àwọn alátakò máa sọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì bá wọn sọ ọ́: bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó fi ìwé sílẹ̀ nílé lè dé kó rí i pé ìwé ti di ẹṣin. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé Ọlọ́run ní ìṣe tí kì í yẹ̀, Ó sì ti fi ìmọ̀ sí wa lọ́kàn pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ó lè ṣe é.

Ibn Rushd ti ìlú Qurtuba, adájọ́ àti oníṣègùn tó kú ní 1198, kò gbà. Ó ní ẹni tó bá gbé okùnfà kúrò ti gbé làákàyè kúrò, nítorí kí á mọ nǹkan ni kí á mọ ohun tó fà á. Ó ní iná tí kì í jó nǹkan, kí la fẹ́ máa pè é níná sí?

Ní tèmi, mo tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Imam lórí ọ̀rọ̀ ẹni tó ni agbára, mo sì ń bá Ibn Rushd lọ bí mo bá fẹ́ ṣiṣẹ́. Bí ara ọmọ mi bá gbóná, àyẹ̀wò ibà ni mo ń gbé e lọ ṣe, adúà ń lọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún àwọn ará mi mùsùlùmí tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Bí o bá gbà pé iná pàápàá kò ní agbára tirẹ̀ láti jó òwú tó ń kàn, ibo lo ti rí agbára tí o gbé lé ìyá arúgbó lọ́wọ́, tó fi ń pa ọmọ tí kò fọwọ́ kàn, lóru, láti inú yàrá rẹ̀? Ìgbàgbọ́ méjèèjì yẹn kò lè jókòó pọ̀ nínú ọkàn kan.

Nọ́ọ̀sì_Peckham fèsì:

Alfa, ẹ ṣeun gan-an. Gbólóhùn yín tó gbẹ̀yìn yẹn, mo ti fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀gbọ́n mi.

Bàbá Mushin ní kí á yọ ọ́ kí á dá a padà. Òótọ́ ni, àmọ́ a kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ èèyàn. A kò lè fún ọmọ ní àrùn, kí á gbà á padà, kí á tún fún un, torí kí á lè mọ okùnfà. Kí la wá ń ṣe? Ní àdúgbò ibi tí mo ń gbé yìí gan-an, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ni dókítà kan tó ń jẹ́ John Snow ti fi ọ̀nà kan hàn ní 1854.

Onígbáméjì ń pa àwọn èèyàn nígbà náà. Afẹ́fẹ́ burúkú ni ọ̀pọ̀ dókítà ń dá lẹ́bi, omi ni Snow fura sí. Ilé iṣẹ́ omi méjì ló ń ta omi ní gúúsù odò Thames. Southwark and Vauxhall ń fa omi tirẹ̀ ní Battersea, níbi tí ìdọ̀tí ìlú ń dà sí. Lambeth ti kó ibi tó ti ń fa omi tirẹ̀ lọ sókè odò ní 1852, níbi tí ìdọ̀tí Lọ́ńdọ̀nù kò dé. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣeé yẹ̀ wò ni pé páìpù àwọn méjèèjì ń gba òpópónà kan náà kọjá. Ilé yìí ń mu ti Lambeth, ilé tó tẹ̀ lé e ń mu ti èkejì. Afẹ́fẹ́ kan náà ni wọ́n ń mí, ọjà kan náà ni wọ́n ń ná, olówó wà níhìn-ín, tálákà wà lọ́hùn-ún.

Snow ń kan ilẹ̀kùn ilé tí èèyàn ti kú. Àwọn ayálégbé mìíràn kò mọ ẹni tó ń ta omi fún wọn, torí onílé ló ń san owó. Ó bá ń bu omi wọn sínú ìgò, ó ń kán èròjà kan tí wọ́n fi fàdákà ṣe sí i. Iyọ̀ pọ̀ nínú omi Southwark and Vauxhall, torí náà á funfun kùù; ti Lambeth kò ní ju kó ṣú díẹ̀ lọ. Ohun tó rí rèé: nínú ilé 40,046 tó ń mu omi Southwark and Vauxhall, èèyàn 1,263 kú. Nínú ilé 26,107 tó ń mu ti Lambeth, 98 ni. Bí a bá pín in sórí ilé 10,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 315 ni fún ti àkọ́kọ́, 37 fún ti èkejì.

Kíyè sí i, àbúrò mi, pé Snow kò rí agbára kankan tó jáde látinú omi. Kò tilẹ̀ rí kòkòrò àrùn náà. Ó tó ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà kí Robert Koch tó fi í hàn ayé. Ìfiwéra ni Snow ṣe, ayé fúnra rẹ̀ ló sì ti bá a pín àwọn ilé náà sí méjì.

Ó yá, gbé òwe yẹn wá síbí. Òru tí igbe wà tí ọmọ kú, wọ́n kà á. Òru tí igbe wà tí gbogbo ọmọ jí láàárọ̀ ńkọ́? Òru tí kò sí igbe tí ọmọ sì kú ńkọ́? Òru tí kò sí ọ̀kankan nínú méjèèjì ńkọ́? Oríṣi òru mẹ́rin ló wà, ọ̀kan ṣoṣo ni òwe náà kà. Mo ti tọ́jú ọmọ tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń ṣe, mo ti gbé ọmọ tó kú lọ́wọ́. Mo mọ bí ìyá ṣe máa ń wá ẹni tí yóò dá lẹ́bi ní wákàtí yẹn, n kò sì lè bá a wí. Àwọn tó jókòó yí i ká, tí ara tiwọn balẹ̀, ni mo ń bá wí.

ỌmọAwo_Ìbàdàn fèsì:

Mo kí gbogbo ilé. Mo fẹ́ gbèjà àwọn àgbà díẹ̀, torí mo rí i pé a ti fẹ́ sọ wọ́n di aláìronú.

Lákọ̀ọ́kọ́, òwe kan kọ́ ni Yorùbá ní. Àwọn náà ló ní, "Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú." Ẹ wádìí ni wọ́n ń wí níbẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, ìbéèrè kan wà tí ìfiwéra Snow kò dáhùn. Nínú ìwé kan tó jáde ní 1937, Evans-Pritchard, òyìnbó kan tó ń ṣèwádìí nípa àṣà àwọn èèyàn, kọ nípa ẹ̀yà Azande ní gúúsù ilẹ̀ Sudan ìgbà náà. Àká wó lu àwọn tó jókòó sábẹ́ rẹ̀ láti gba ìbòòji. Àwọn Azande mọ̀ pé ikán ló jẹ òpó àká. Wọ́n mọ̀ pé oòrùn ló lé àwọn èèyàn sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé àsìkò tí àwọn yìí jókòó síbẹ̀ gan-an ló wó. Irú ìbéèrè yẹn ni Yorùbá náà ń bi nígbà tó bá ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ojú lásán. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣódípọ̀ gbé ọ̀rọ̀ okùnfà àti kòńgẹ́ nínú èrò Yorùbá yẹ̀ wò ní Ifẹ̀ ní 1973, torí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí àwọn onífìlọ́sọ́fì tiwa kò rí. Obìnrin tí ọmọ rẹ̀ kú nínú ilé tó ń mu omi Lambeth, omi tó mọ́ nìyẹn o, kí ni Snow fẹ́ sọ fún un?

Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ tún gbọ́ ẹsẹ Ifá nípa àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Oríṣeékú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́, tí wọ́n lọ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò dúró gbọ́ ìmọ̀ràn, wọ́n lọ mú orí fúnra wọn. Afùwàpẹ́ rúbọ, ó ṣe Àjàlá lóore, Àjàlá sì bá a yan èyí tó dára. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá sáyé, òjò ńlá ká wọn mọ́ ọ̀nà. Orí àwọn méjì yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ho, ó ń bó, torí amọ̀ tí kò jinná ni wọ́n fi mọ ọ́n. Ti Afùwàpẹ́ kò mira. Òjò kan náà ló pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ifá kò sọ pé ẹnìkan rán òjò sí wọn. Ohun tí amọ̀ jẹ́, bó ṣe jinná sí, àti ohun tí olúkúlùkù ṣe kí òjò tó dé ni Ifá tọ́ka sí.

Olùbéèrè_Àkúrẹ́ fèsì:

Ẹ̀gbọ́n ỌmọAwo, mo dúpẹ́. Ìtàn Àjàlá tí ẹ sọ yẹn ti jẹ́ kí n tún un rò, torí bí mo ṣe ń gbọ́ ọ láti kékeré, orí burúkú nìkan ni wọ́n ń tẹnu mọ́, wọn kì í sọ̀rọ̀ òjò àti amọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àká yẹn, mo fẹ́ takò díẹ̀. Ikán ní ìtàn tirẹ̀: ó ti ń jẹ òpó ọjọ́ ti pẹ́. Àwọn tó jókòó ní ìtàn tiwọn: oòrùn mú, wọ́n wá ìbòòji. Ìtàn méjèèjì pàdé ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní okùnfà tirẹ̀. Kí ló mú wa gbà pé ìpàdé wọn gbọ́dọ̀ ní okùnfà kẹta? Aristotle tí ẹ̀gbọ́n Olùkọ́ dárúkọ náà sọ ti ọkùnrin tó lọ sọ́jà torí nǹkan mìíràn, tó ṣèèṣì pàdé ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Ohun tó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn débẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣètò ìpàdé náà. Mo gbà pé ìbéèrè "kí ló dé tó jẹ́ èmi" wúwo. Ohun tí mi ò gbà ni pé bí ìbéèrè bá ti wúwo, orúkọ èèyàn kan ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdáhùn rẹ̀.

Fìsíìsì_Ògbómọ̀ṣọ́ fèsì:

Mo fẹ́ fi kún ohun tí Olùbéèrè sọ, torí nínú iṣẹ́ tiwa, ó ju ti ìpàdé ìtàn méjì lọ.

Èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní áyódìn-131. Wọ́n máa ń fún àwọn aláìsàn gẹ̀gẹ̀ kan gbé mì. Átọ̀mù rẹ̀ kì í dúró pẹ́, á fọ́, á tú ìtànṣán jáde, ìtànṣán yẹn ló ń ṣiṣẹ́ ìwòsàn. Bí o bá ní átọ̀mù mílíọ̀nù kan lónìí, lẹ́yìn ọjọ́ 8, nǹkan bí ìdajì á ti fọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ 8 mìíràn, ìdajì ohun tó kù. Ìṣirò yìí kì í tàsé, òun ni dókítà gbójú lé láti mọ ìwọ̀n oògùn tó máa fún aláìsàn.

Ẹ wá mú átọ̀mù méjì níbẹ̀. Kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn. Ẹ wọn wọ́n, ẹ yẹ̀ wọ́n wò, bákan náà ni. Ọ̀kan fọ́ láàárọ̀ yìí, èkejì dúró di oṣù tó ń bọ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ tàkọ́kọ́ ló fọ́ lónìí? Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ jù nínú wa gbà ni pé kò sí ìdí kankan. Einstein kò fẹ́ràn èyí rárá, ó gbà pé ìdí kan gbọ́dọ̀ fara pamọ́ sábẹ́. Ní 1964, John Bell fi hàn pé a lè dán ọ̀rọ̀ náà wò. Àwọn tó ṣe ìdánwò náà, Clauser, Aspect àti Zeilinger, ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ní 2022. Àbájáde rẹ̀ ni pé bí ìdí kan bá fara pamọ́, kò lè jẹ́ irú èyí tí Einstein ń wá, tó jókòó jẹ́ẹ́ sára nǹkan náà, tí kò ní bá ohun tó wà lọ́nà jíjìn ní àjọṣe kankan. Àwọn kan nínú wa ṣì gbà pé irú ìdí mìíràn wà lábẹ́, wọn kì í ṣe aláìmọ̀kan.

Nítorí náà, nígbà tí Leibniz, onífìlọ́sọ́fì ọmọ Jámánì, ní kò sí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ láìsí ìdí tó tó, tí òwe Kúmólú náà ń sọ ohun tó jọ ọ́, mo ń fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà fún yín pé bẹ́ẹ̀ ni ayé rí ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá.

Olùkọ́_Ifẹ̀ fèsì:

Ẹ̀gbọ́n Fìsíìsì, ẹ ti gbé wa dé ibi tó le. Jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ Olùbéèrè, pé ṣé inú ayé ni okùnfà wà àbí inú orí wa. Immanuel Kant ti ìlú Königsberg, tó jẹ́wọ́ pé Hume ló jí òun lójú oorun, dáhùn ún ní 1781. Ó ní bí o bá ń wo ilé, o lè bẹ̀rẹ̀ láti òrùlé wá sí ìpìlẹ̀, o sì lè bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ lọ sókè. Ìwọ lo ni ojú rẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá ń wo ọkọ̀ tí odò ń gbé lọ, o kò lè rí i nísàlẹ̀ odò kí o tó rí i lókè. Ètò yẹn kò sí lọ́wọ́ rẹ. Ohun tó jẹ́ ká lè sọ pé nǹkan kan *ṣẹlẹ̀*, pé kì í ṣe ojú wa ló kàn ń rìn, ni pé a gbà pé òfin kan ló so èyí tó ṣáájú mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Bó bá rí bí Kant ṣe wí, ọ̀dọ̀ wa ni òye okùnfà ti wá, ṣùgbọ́n láìsí i, kò sí ayé kankan tí a lè fi ojú rí. Ó wù mí, àmọ́ átọ̀mù áyódìn yẹn kò jẹ́ kí n sùn lé e lórí.

Bàbá Mushin, ẹ béèrè bóyá Hume ń wòran ni. Ẹ gbọ́ èyí: ní 1748 ó kọ gbólóhùn kan tí kò tún padà sí, pé bí àkọ́kọ́ kò bá sí, èkejì kì bá tí sí. Gbólóhùn yẹn jọ iṣẹ́ tiyín gan-an. David Lewis, ará Amẹ́ríkà, mú un ní 1973, ó sọ ọ́ di odidi èrò: okùnfà ni ohun tí ìbá má sí, tí àbájáde rẹ̀ kì bá tí wáyé. Ṣùgbọ́n wàhálà kan wà níbẹ̀. Bí ọmọ méjì bá sọ òkò lu ìgò kan, tí ti ẹni àkọ́kọ́ fọ́ ọ, tí ti èkejì ń bọ̀ lẹ́yìn gẹ́rẹ́, ẹ yọ òkò àkọ́kọ́ kúrò, ìgò ṣì máa fọ́. Ṣé òkò àkọ́kọ́ kì í wá ṣe okùnfà mọ́ ni? Lewis ṣì ń tún ìdáhùn rẹ̀ ṣe ní 2000, ọdún kan kó tó kú. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ kàn án lójoojúmọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Bàbá_Mẹkáníìkì_Mushin fèsì:

Olùkọ́, irú ẹ̀ ń bá wa dáadáa. Plọ́ọ̀gì ti kú, omi sì wà nínú epo. Bí mo bá pààrọ̀ plọ́ọ̀gì nìkan, kò ní jí. Ọmọṣẹ́ tí kò tíì gbọ́n á ní plọ́ọ̀gì kọ́, á dá èyí tó kú padà síbẹ̀, á lọ fọ kábúrétọ̀. Kò ní jí náà. Á wá ní kábúrétọ̀ kọ́. Bó ṣe máa yọ méjèèjì sílẹ̀ nìyẹn, tí á máa lọ tú ohun tí kò ṣe nǹkan kan.

Ohun tí mo ń kọ́ wọn ni pé ohun tí ẹ bá ti fojú ara yín rí i pé kò dára, bí iná kò ṣe ta lórí plọ́ọ̀gì yẹn, ẹ má dá a padà torí pé ẹ́ńjìnnì ṣì kọ̀. Ẹ fi tuntun sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ wá èkejì lọ. Tó bá jí tán, ẹ wá máa dá wọn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Plọ́ọ̀gì tó kú nìkan, ó kọ̀. Ẹ gbé tuntun padà, ẹ rọ epo olómi nìkan, ó tún kọ̀. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyẹn pé àwọn méjì ló wà níbẹ̀, pé ọ̀kan nínú wọn sì tó láti pa á.

Ti ìgò àti òkò yẹn, èmi máa wo ara ìgò. Ibi tí òkò àkọ́kọ́ ti bà á máa ní ojú ọgbẹ́, ti èkejì kò ní í ní, torí kò dé ibẹ̀ nígbà tí ìgò ṣì wà. Ẹ bá mi bi Lewis yẹn bóyá ó wo àfọ́kù.

Olùkọ́_Ifẹ̀ fèsì:

Bàbá, Lewis ti kú ní 2001, ṣùgbọ́n àwọn kan ń bẹ tí wọ́n ní ibi tí ẹ tọ́ka sí yẹn gan-an ni kí á wò: ohun tó kọjá láti ara òkò sí ara ìgò, kì í ṣe ohun tí kì bá tí ṣẹlẹ̀. Àwọn náà sì ní ìṣòro tiwọn, torí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò fún lóúnjẹ kú nítorí ohun tí kò kọjá sí ara rẹ̀. Èmi yóò kó ti àwọn yẹn wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mú àpẹẹrẹ àìsí oúnjẹ tàbí àìgba abẹ́rẹ́ àjẹsára wá láti ibi iṣẹ́ yín, torí ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀.